Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ ti wọ àkójọ ọ̀rọ̀ LibreOffice mi, báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́?

Ìyá Atẹ̀wé, Àjàṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe nítòsí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): ètò ìsìnkú, ìwé ìgbéyàwó, lẹ́tà. Yorùbá tí mo bá tẹ̀, LibreOffice, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tẹ̀wé, a fa ìlà pupa fòò sábẹ́ gbogbo rẹ̀, torí Faransé ló rò pé mò ń kọ. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń fi "Ajouter au dictionnaire" (fi kún àkójọ ọ̀rọ̀) kọ́ ọ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìlà náà sì ti dín kù.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá lojú tì mí. Ẹ̀dà 120 ni mo tẹ̀ fún ìsìnkú baba kan. Ó yẹ kó wà lẹ́yìn ìwé pé "Ìsìn Ọpẹ́". "Ìsìn Ọ̀pẹ" ló wà níbẹ̀. Igi ọ̀pẹ! Ìyàwó ilé kan ló kọ́kọ́ rí i, ó ní, "Ṣé ẹmu la fẹ́ lọ dá ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi ò lè rín in.

Kò sí ìlà pupa lábẹ́ rẹ̀ rárá. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ti fi kún un. Ohunkóhun tó bá ti pọ́n ló ń tẹ̀ sínú rẹ̀, kó lè tètè lọ jẹun. Báwo ni mo ṣe máa rí gbogbo irú rẹ̀? Mo tún ti ra kọ̀ǹpútà tuntun, mi ò sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Alákétu
Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Outils, Options, kí ẹ wá Linguistique. Ẹ tẹ "Standard", lẹ́yìn náà "Éditer". Gbogbo ọ̀rọ̀ á tò sílẹ̀, ẹ yọ èyí tí ẹ ò fẹ́.

Tó bá pọ̀, èmi máa ń ṣí fáìlì rẹ̀ gan-an. standard.dic ló ń jẹ́. Ẹ kọ %APPDATA% sókè fódà, kí ẹ gba LibreOffice, 4, user, wordbook wọlé. Ẹ kọ́kọ́ ti LibreOffice pa o. Bloc-notes (Notepad) lè ṣí i. Ìlà mẹ́rin wà lókè, OOoUserDict1 làkọ́kọ́, dáàṣì mẹ́ta nìkẹyìn. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Lẹ́yìn wọn, ọ̀rọ̀ kan lórí ìlà kan. Fáìlì yìí náà lẹ máa fi clé USB gbé lọ sórí kọ̀ǹpútà tuntun.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́
Ọ̀rọ̀ gidi ni ọ̀pẹ o, kò sí bí kọ̀ǹpútà ṣe máa mọ̀ pé ọpẹ́ lẹ ní lọ́kàn. Ẹ ṣáà yọ ọ́. Ìsìn ọpẹ́ mélòó lẹ ń tẹ̀ lóṣù, igi ọ̀pẹ mélòó? Kẹ́ ẹ sì ṣẹ̀dá àkójọ tuntun, kí ẹ fàmì sí "Exception (-)". Ohun tó bá wà níbẹ̀ á máa pọ́n ni, bí ọmọ iṣẹ́ yín tiẹ̀ tún fi í sí Standard.

Èmi ní àkójọ méjì, torí mo máa ń tẹ ìwé fún ẹ̀kọ́ àgbà. Álífábẹ́ẹ̀tì Benin ti 1975, tí wọ́n tún ṣe ní 1990, la fi ń kọ ọ́: ɔkpɛ́. Àwọn oníbàárà Nàìjíríà sì ń fẹ́ ọpẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo máa ń fàmì sí lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo da méjèèjì pọ̀, ọkpẹ́ jáde lójú ìwé kan náà, èyí tí kì í ṣe tibí, tí kì í ṣe tọ̀hún.

Ìyá Atẹ̀wé, Àjàṣẹ́
Ẹ ṣeun, mo ti ṣí i. Àmọ́ ọpẹ́ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì rí ìyàtọ̀ kankan.

Ọmọ Alákétu
Lójú wa, ọ̀kan ni. Ẹ̀yà kan ní ẹ tó jẹ́ lẹ́tà kan pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi mọ̀ ọ́n ni U+1EB9), èkejì jẹ́ e lásán tí wọ́n fi àmì U+0323 lé. Ẹ fi kọ́sọ̀ sẹ́yìn ẹ́ ní Bloc-notes, kí ẹ máa pa á rẹ́ díẹ̀díẹ̀: bí e bá ṣẹ́ kù, èyí tó jẹ́ e lásán pẹ̀lú àmì ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀, torí èyí táwọn oníbàárà máa fi ránṣẹ́ láti fóònù, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n.

Ìyá Atẹ̀wé, Àjàṣẹ́
Mo ti yọ mọ́kànlélógójì. Orúkọ ọmọ iṣẹ́ náà gan-an wà níbẹ̀. Ó ṣì í kọ.