Báwo ni kí n ṣe darí ọ̀rọ̀ lórí fíìmù The Battle of Algiers?

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, èmi ni màá darí ìjíròrò nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa bá wo fíìmù tí Gillo Pontecorvo ṣe lọ́dún 1966 yìí, lórí bí àwọn ará Algeria ṣe bá Faransé jà. Mo kọ́kọ́ fi han àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì, ni àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan ní akọni ni àwọn ará Algeria tó ń jà yẹn, èkejì ní apààyàn ni wọ́n.

Ibi tó dá a sílẹ̀ ni ibi tí obìnrin mẹ́ta ti múra bí òyìnbó, tí wọ́n gbé bọ́ǹbù sínú báàgì kọjá lójú àwọn ṣójà. Kí ó tó bú, kámẹ́rà ń wo ojú àwọn tó jókòó nílé ìgbafẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọdé kan tó ń lá áísìkirímù. Àyà mi máa ń já. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìyẹn, òyìnbó ti ri bọ́ǹbù sílé àwọn ará Casbah, àdúgbò àtijọ́ tí àwọn ará Algeria ń gbé nílùú Algiers, lóru, wọ́n sì ń gbé òkú ọmọdé jáde láti inú àlàpà.

Àwọn Black Panther, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó jà fún ẹ̀tọ́ wọn ní Amẹ́ríkà, kẹ́kọ̀ọ́ nínú fíìmù yìí. Pentagon, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, náà wò ó lọ́dún 2003.

Ṣé kí n dá a dúró níbi bọ́ǹbù yẹn ká sọ̀rọ̀, àbí kí n jẹ́ kó parí? Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn ogun 1954 sí 1962 fún wọn? Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà nínú wọn o.