Gíríìkì Kapadókíà: ṣé Tọ́kì ló yí ètò ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà?

Akẹ́kọ̀ọ́, Agọ́-Ìwòyè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n ní Gíríìkì tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀ ní Kapadókíà, ní àárín ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, ti gba ètò ọ̀rọ̀ Tọ́kì. Ibo ló ti yí padà gan-an? Báwo la ṣe ń mọ̀ pé Tọ́kì ló fà á? Mo fẹ́ fi wé Ìjẹ̀bú àti Gẹ̀ẹ́sì.

Ará Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹyán, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń yán ọ̀rọ̀-orúkọ, ni kó o kọ́kọ́ wò. Gíríìkì Áténì, olú-ìlú Gíríìsì, ń sọ pé *i porta tu spitiu*, bí àwa náà ṣe ń sọ pé ilẹ̀kùn ilé. Tọ́kì ní *evin kapısı*: ilé síwájú, ilẹ̀kùn sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Kapadókíà. Awẹ́-gbólóhùn aṣàpèjúwe ló wá fojú hàn jù. Ní Sílli, lẹ́bàá Konya (kì í ṣe Kapadókíà gan-an, ìbátan rẹ̀ ni), onímọ̀ èdè Gíríìkì, R. M. Dawkins, kọ *kiat ira peri* sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1916. *Kiat* ni “tí”, *ira* ni “mo rí”, *peri* ni “ọmọkùnrin”. Tọ́kì a máa sọ pé *gördüğüm çocuk*, “rí” ṣáájú “ọmọ”. Ará Áténì kò jẹ́ tò ó bẹ́ẹ̀.

Ará Ṣàgámù:
Ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ má di gbogbo rẹ̀ ru Tọ́kì. Gíríìkì fúnra rẹ̀ gba *tu spitiu i porta* láàyè bí a bá fẹ́ tẹnu mọ́ ilé. Ọ̀nà ti wà nílẹ̀. Tọ́kì ló jẹ́ kí wọ́n máa gbà á lójoojúmọ́. Ẹ̀rí yẹn nìkan kò tó.

Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣubú ni arọ́pò-orúkọ tó jẹ́ àbọ̀. Áténì ń sọ pé *to vlepo* (“mo rí i”), àbọ̀ *to* ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe *vlepo*. Ní Kapadókíà, ó sábà máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe. Wọ́n á ní Tọ́kì ni. Báwo? Tọ́kì ń fi àbọ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe! Ètò Gíríìkì àtijọ́ ni wọn kò jù nù. Gíríìkì Kípírọ́sì náà ṣì ń lò ó. Nítorí náà, wo ẹ̀ka-èdè mìíràn àti ìwé àtijọ́ kó o tó dájọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́, Agọ́-Ìwòyè:
Ẹ ṣé gan-an, sà. Ìjẹ̀bú wá ńkọ́?

Ará Ìjẹ̀bú-Òde:
Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọlé rẹpẹtẹ, ètò kò tíì yẹ̀: “car bàbá mi” lẹ ó gbọ́, ẹnikẹ́ni kì í sọ “bàbá mi car”. Ní Kapadókíà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni wọ́n fi gbọ́ èdè méjèèjì, débi pé abúlé mìíràn ti jọ̀wọ́ Gíríìkì sílẹ̀ pátápátá.

Tó o bá ń gba ohùn sílẹ̀, jẹ́ kí wọ́n máa tàkùrọ̀sọ fúnra wọn. Má ka gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì fún wọn pé kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, torí ètò Gẹ̀ẹ́sì yóò bá a wọlé. Ya àgbà sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tọ́ nílé.

Ará Ṣàgámù:
Kó o sì kíyè sí ọjọ́ orí ohùn Kapadókíà tó o bá lò. Pàṣípààrọ̀ àwọn ènìyàn láàárín Tọ́kì àti Gíríìsì ní 1923 kó wọn lọ sí Gíríìsì. Àwọn ará Misti, abúlé Kapadókíà kan, tí àwọn onímọ̀ èdè Mark Janse àti Dimitris Papazachariou bá pé wọ́n ṣì ń sọ ọ́ ní 2005 ti gbé láàárín Gíríìkì Áténì pẹ́. Ti Dawkins ni kó o fi ṣe ìpìlẹ̀, kó o tó fi tiwọn wé e.