Ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹ̀dọ̀ àbúrò mi tó ní lupus, wọ́n sì ní kí a ra oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀gbọ́n Aláìsàn (ẹni tó béèrè):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, ó ti sú mi ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ fún àbúrò mi obìnrin pé lupus, àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà, ló ń ṣe é, àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó sinmi. Nígbà tí irun rẹ̀ ń re, wọ́n ní ẹnìkan ló ṣépè fún un. Nígbà tí oríkèé ara ń ro ó tí kò lè gún iyán, wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Ní báyìí tí ikùn rẹ̀ wú débi tí ìró kò ká a mọ́, ìyá ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó ń sọ fún àwọn aláìsàn tó kù pé ọtí ni ìyàwó ọmọ òun ń mu ní ìkọ̀kọ̀ tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fi bàjẹ́. Àbúrò mi tí kì í fi ẹnu kan ọtí! Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, kò fèsì. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá pè wọ́n wọlé, òun ni yóò máa dáhùn gbogbo ìbéèrè, àbúrò mi kì í ráyè la ẹnu.

Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú. Wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò fún hepatitis, wọn kò rí i. Ìgbà tí wọ́n ya àwòrán ikùn rẹ̀ tán ni dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde kúrò nínú ẹ̀dọ̀, ó sì kọ Budd-Chiari sínú fáìlì. Ohun tó rú mi lójú nìyí: ìwé àyẹ̀wò tí mo fi ojú ara mi rí sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń pẹ́ kí ó tó dì, àti pé platelet rẹ̀, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, kò pọ̀ tó, síbẹ̀, dókítà kan náà ní kí a lọ ra heparin, kí ó sì máa lo warfarin lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì. Ṣé wọn kò ní pa á báyìí? Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ti rí alágbo kan tó ní òun lè fa omi ikùn náà gbẹ. Ṣé kí a gbé e kúrò nílé ìwòsàn yìí ni?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Lupus ń ṣe èmi náà, kíndìnrín ni ó ti bá mi jà. Ìyá ọkọ tèmi ní mo ti fi oògùn ìbílẹ̀ de ọmọ òun ni ara mi fi ń wú, bẹ́ẹ̀ sì ni òun gan-an ló ń gbé àgbo fún mi, tí mo fi ń bì tọ̀sán-tòru. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbo kankan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ ti ròyìn ìyá ọkọ tán, ẹ kò sọ ọjọ́ orí aláìsàn, ẹ kò sọ oògùn tó ń lò, ẹ kò sọ bóyá ó ti bímọ rí. Báwo ni kí a ṣe gbà yín nímọ̀ràn?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù bá wọn sọ̀rọ̀. Iṣan ńlá mẹ́ta ló ń da ẹ̀jẹ̀ láti inú ẹ̀dọ̀ padà sọ́nà ọkàn. Bí wọ́n bá dí, ẹ̀jẹ̀ yóò há sínú ẹ̀dọ̀ bí omi tí gọ́tà dí mọ́. Ẹ̀dọ̀ yóò wú, ìhà ọ̀tún yóò máa roni, omi yóò sì máa jò sínú ikùn. Ẹni tí kò tọ́ ọtí wò rí lè ní in.

Ní ti ìwé àyẹ̀wò yẹn, àwọn kan tó ní lupus máa ń ní antiphospholipid syndrome mọ́ ọn, èyí tí dókítà Graham Hughes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1983. Àwọn èròjà tó yẹ kí ara fi bá àrùn jà ló ń dojú kọ ara fúnra rẹ̀. Nínú ìgò àyẹ̀wò, wọ́n ń da iṣẹ́ àyẹ̀wò náà rú, ẹ̀jẹ̀ yóò sì pẹ́ kí ó tó dì. Nínú iṣan ara, ńṣe ni wọ́n ń mú un dì. Wọ́n lè mú kí platelet dínkù pẹ̀lú. Nítorí náà, dókítà yín kò ṣìnà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò máa ka platelet náà lemọ́lemọ́ bí oògùn ti ń lọ. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò lupus anticoagulant, anticardiolipin àti anti-beta-2 glycoprotein I. Bí ọ̀kan bá jáde, wọn yóò tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12 ó kéré tán, ṣùgbọ́n a kì í dúró de ìyẹn kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Ẹ dá mi lóhùn: ṣé oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wú rí? Oògùn wo ló ń lò?

Ẹ̀gbọ́n Aláìsàn:
Ẹ ṣeun, mà. Oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, lẹ́yìn tí ó ti lé ní oṣù mẹ́ta, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ní ó ń jẹ wọ́n ni. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú lọ́dún tó kọjá, ó sì lọ fúnra rẹ̀. Hydroxychloroquine àti prednisolone nìkan ló ń lò. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹni ọdún 31 ni. Bí ẹ bá wà nípò mi, ẹ ó mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ fi ń kọ́kọ́ jáde.

Ìyá Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi rivaroxaban rọ́pò warfarin. Òun ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń lò níbí, kò sí pé à ń gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò ní gbogbo ìgbà, kò sì sí pé má jẹ ẹ̀fọ́.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Ẹ̀gbọ́n yín lè má ní antiphospholipid, ìyá mi. Ní 2019, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní ilẹ̀ Yúróòpù kìlọ̀ pé kí a má fún àwọn tó ní in ní rivaroxaban àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pàápàá àwọn tí àyẹ̀wò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jáde lára wọn, nítorí ẹ̀jẹ̀ tún ń dì. Warfarin ni fún wọn, INR, ìyẹn òǹkà àyẹ̀wò tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó dì hàn, sì gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 3.

Ìyá Lọ́ńdọ̀nù:
Dókítà ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ọmọdé o. Ohun tí mo rí ni mo sọ.

Bàbá Abúlé:
Ẹ ń bú àgbo ṣáá. Ewé ni a fi tọ́ gbogbo yín dàgbà.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Bàbá, kò sẹ́ni tó bú ewé. Àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lè mú kí warfarin le jù, kí ẹ̀jẹ̀ máa yọ, tàbí kí ó má ṣiṣẹ́ rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀dọ̀ tó ti rẹ̀ ni yóò tún máa bá a jà. Ní ti ẹ̀fọ́, ugwu àti tẹ̀tẹ̀ kì í ṣe èèwọ̀; bí ó ṣe ń jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀ yìí ni kí ó máa jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí INR rẹ̀ má baà máa fò sókè-sódò.

Ẹ̀gbọ́n Aláìsàn:
Èmi kò sọ pé a ti gba àgbo o. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Nǹkan kan wà tí n kò sọ, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi. Lẹ́yìn tí oyún tó kẹ́yìn bàjẹ́, àbúrò mi kò fẹ́ lóyún mọ́, ó sì ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró láti ọdún tó kọjá. Ọkọ rẹ̀ kò mọ̀. Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́ fún dókítà nígbà tí ọkùnrin yẹn kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ó fún mi ní páálí rẹ̀ kí n bá a fi pamọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Háà! Ẹ pe ọkọ náà, kí ẹ sọ fún un lónìí. Ìyàwó rẹ̀ ni.

Ìyá Ìbejì:
Kí ìyá rẹ̀ lè rí ohun mìíràn sọ lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù? Ẹ jọ̀ọ́ o.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Ọ̀rọ̀ tọkọtaya lè dúró, ti dókítà kò lè dúró. Ẹ ka orúkọ tó wà lára páálí náà fún mi.

Ẹ̀gbọ́n Aláìsàn:
Ethinylestradiol àti levonorgestrel.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Èyí àkọ́kọ́ ni ìṣòro. Estrogen ni, irú hòmóònù obìnrin kan, ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ẹni tó bá ní antiphospholipid kò gbọ́dọ̀ lò ó rárá. Kí ó má lo hóró kankan mọ́ títí dókítà yóò fi gbọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ọ̀nà mìíràn tí kò ní estrogen rọ́pò rẹ̀ kíákíá, nítorí warfarin lè ba ọmọ inú oyún jẹ́, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Ó ní ẹ̀tọ́ láti bá dókítà sọ̀rọ̀ ní òun nìkan. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láìsí ẹbí níbẹ̀, wọn yóò ní kí ọkọ jáde síta, kò sì ní fura.

Ẹ̀gbọ́n Aláìsàn:
Mo ti fi páálí náà sínú báàgì mi, mà. Heparin ńkọ́? Ṣé kí n rà á kí n tó wọ ọkọ̀?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Ẹ rà á. Ìwé tí wọ́n kọ fún yín gan-an ni kí ẹ fi rà á, ní ilé oògùn tí yóò fún yín ní rìsíìtì, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ kí ẹ tó sanwó.