Ìdáhùn: «Òṣìṣẹ́ aláìgbowó» kẹ̀?

Ẹ̀yin ará ilé,

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa kí n tó la ẹnu. Ẹ kú iṣẹ́ o, lórí ìwé pélébé tí ẹ túmọ̀ fún àwọn Yorùbá tó wà ní Virginia, tí wọ́n ń fínnúfíndọ̀ bá áńbúláǹsì àti ẹgbẹ́ adóòlà ẹ̀mí ṣiṣẹ́, lórí ibi tí òfin tò wọ́n sí. Ṣùgbọ́n ẹ dákun sà, ta ni ń jẹ́ «òṣìṣẹ́ aláìgbowó», tí ẹ fi túmọ̀ «volunteer»? Ìgbà mọ́kànlá ni mo kà á nínú ojú ìwé méjì.

Ẹ wo «gbowó» yẹn ná. Agbowó-òde la mọ̀, agbowó-orí la mọ̀. Bí wọ́n bá ní ọlọ́pàá kan kì í gbowó nílẹ̀ wa, ṣé owó oṣù ni wọ́n ń sọ? Ohun tí ìyá mi ní Ìsẹ́yìn máa gbọ́ nínú ìwé yìí ni pé àwọn èèyàn náà kì í jẹ rìbá. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ òfin kò sọ̀yẹn.

Òfin kò tiẹ̀ fẹ́ràn «aláìgbowó» rárá. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti 1997, tó ní kí wọ́n má pe irú wọn lẹ́jọ́ nítorí àṣìṣe ṣákálá, gbà kí ẹgbẹ́ dá owó epo padà fún èèyàn, ó sì tún gbà kó rí nǹkan mìíràn tí kò ju $500 lọ lọ́dún. (Kò bo ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ o. Bí o bá fi áńbúláǹsì kọ lu èèyàn, òfin yẹn kò mọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kún un, torí ìwé yín ní «gbogbo wọn».) Èyí tí wọ́n ṣe ní 1976 fún ìdílé ẹni tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́ ààbò ìlú tilẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé bó gbowó, bí kò gbowó, bákan náà ni. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ẹgbẹ́ ló kù síbẹ̀. Ní 1986 ni wọ́n fi adóòlà àti ará áńbúláǹsì kún un, síbẹ̀ ó ní láti jẹ́ ẹgbẹ́ ti ìjọba. Nígbà tí ará áńbúláǹsì kan, Dale Long, kú nínú ìjàǹbá áńbúláǹsì ní Bennington, Vermont, ní 2009, ẹgbẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe ti ìjọba, ni owó ò bá kan ìdílé rẹ̀. Ó di 2013 kí òfin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ tó ṣí ilẹ̀kùn yẹn.

Ó wá ku «òṣìṣẹ́», èyí tó ń bí mi nínú jù. Ní Virginia, bí eegun ẹ̀yìn adóòlà kan bá yẹ̀ níbi tó ti ń gbé aláìsàn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ tó fara pa kò tọ́ sí i lọ́wọ́ káúńtì (ìjọba ìbílẹ̀ wọn), àfi tí ìgbìmọ̀ ibẹ̀ bá ti fẹnu kò, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, pé àwọn ń kà á sí òṣìṣẹ́ àwọn. «Kà sí» ni o! Ẹni tí à ń kà sí ọmọ, ṣé àwa la bí i? Ẹ wá ti pè é ní òṣìṣẹ́ láti orí ìlà àkọ́kọ́. Ẹni tó bá kà á á lọ sùn, á rò pé ààbò wà, bẹ́ẹ̀ káúńtì tirẹ̀ lè má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìwé ni mo kà. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gun áńbúláǹsì lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. A gbé ìyá arúgbó kan tó ṣubú ní balùwẹ̀ lóṣù tó kọjá. Nígbà tí a padà dé, akápò na ìwé owó epo sí mi, ọwọ́ mi ṣì ń rùn rọ́bà ìbọ̀wọ́, mo kọ $11. Ìyàwó mi rí rìsíìtì náà, ó ní, «Ṣé alágbàṣe ni ẹ́ ni?» Mo ní rárá. Ó ní, «Kí wá ni ẹ́?» N kò rí Yorùbá fi dá a lóhùn.

Àfi ìgbà tí mo rántí bàbá àgbà mi. Ọdún tí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọ́n bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn ọkùnrin dé pẹ̀lú ọkọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n kọ ebè títí oòrùn fi wọ̀. Iyán tí wọ́n jẹ àti ẹmu tí wọ́n mu lọ́jọ́ yẹn ju owó alágbàṣe méjì lọ, kò sì sẹ́ni tó pè wọ́n ní alágbàṣe. $500 yẹn nìyẹn, bí ẹ bá bi mí. Roanoke, níbi tí ẹgbẹ́ adóòlà olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1928, ọ̀wẹ̀ náà ni. Julian Stanley Wise rí ọkùnrin méjì tí odò gbé lọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tó dàgbà, ó kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. Ta ló gbà wọ́n síṣẹ́?

Àbúrò wa ní Houston ti dábàá «ọlọ́wẹ̀». Ó sún mọ́ ọn, àmọ́ oní- ló wà níwájú yẹn. Ọlọ́wẹ̀ ni bàbá àgbà mi tó bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní ọlọ́jà kọ́ ló ni gbogbo ọjà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí. «Olùyọ̀ǹda» lásán burú jù, ìyẹn lẹni tó fún ni láyè. Bí ẹ bá sì fi ara-ẹni sí i, ìlà ti kún. Abániṣọ̀wẹ̀ ni tèmi, bí abánigbófò.

Ti «ọkọ̀ agbáláìsàn», n kò bá ẹnikẹ́ni jà lónìí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí fèrè rẹ̀ bá dún, «Olúwa má jẹ̀ẹ́» là ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá wa, torí òkú la mọ̀ mọ́ ọn. Áńbúláǹsì tó mi.

Ó ku ẹyọ kan, ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ojú ìwé kejì, ìlà kẹrin, ẹ kọ «dóòlà 500». Ẹ̀mí 500 ni wọ́n dóòlà lọ́dún ni, àbí owó lẹ̀ ń sọ? Dọ́là ni, sà.