Hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun, 350,000 lóru kan: ṣé ó tó bẹ́ẹ̀ àbí fọ́tò lásán ni?

AkinIbadan

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wá bá mi dá sọ́rọ̀ kan. Ní October tó ń bọ̀ yìí, èmi àti ìyàwó mi á pé ọdún mẹ́wàá tá a ti fẹ́ra, Ìbàdàn la sì ti lo gbogbo ẹ̀, obìnrin yìí ò sun etí òkun rí láyé ẹ̀, inú fóònù ló ti máa ń wò ó, á wá mí kanlẹ̀, á ní "àwọn kan ń jayé o". Mo wá rí hòtẹ́ẹ̀lì kan lápá Ẹlẹ́kọ, ní Ìbẹ́jú-Lékkí lọ́hùn-ún. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, kí wọ́n má lọ ní mo ń ba ọjà àwọn jẹ́. Fọ́tò ẹ̀ dáa gan-an, ilé funfun, igi àgbọn, púùlù tó dà bíi pé omi ẹ̀ ń ṣàn lọ bá òkun. 350,000 náírà lóru kan. Oru méjì la fẹ́ sùn, Friday sí Sunday.

Látìgbà tí mo ti ṣírò ẹ̀ ni oorun ò ti wá mọ́. 700,000! Àbúrò mi ọkùnrin ní orí mi ti dàrú, ó ní bẹ́ẹ̀dì ni bẹ́ẹ̀dì ń jẹ́, téèyàn bá ti dijú, ta ló mọ ibi tóun sùn. Ìyàwó mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan o, mo fẹ́ fi yà á lẹ́nu ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ irú ibẹ̀ rí, ṣé ó tó owó yẹn? Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, ẹ jọ̀ọ́.

IyaEniola

Ẹ kú oríire o bùọ̀dá Akin, ọdún mẹ́wàá kì í ṣeré. Èmi àti dádì Ẹniọlá lọ irú ibẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ọ̀nà yẹn náà ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Àkọ́kọ́, 350,000 tẹ́ ẹ rí yẹn, ẹ lọ wò ó dáadáa bóyá òun lẹ máa san lóòótọ́. Lórí rìsíìtì tiwa, wọ́n lé VAT 7.5% lórí owó yàrá, wọ́n lé owó ìjọba Èkó 5%, wọ́n wá tún lé service charge 10%. Tí tiyín náà bá rí bẹ́ẹ̀, 78,750 ló máa gorí oru kọ̀ọ̀kan, ó di 428,750, oru méjì ti di 857,500 nìyẹn kẹ́ ẹ tó mu omi. Wọ́n tún gba 100,000 lọ́wọ́ wa ní rìsẹ́pṣọ̀n pé táwọn ò bá rí nǹkan tó bà jẹ́ nínú yàrá àwọn á dá a padà, wọ́n dá a padà lóòótọ́ ṣùgbọ́n ọjọ́ mọ́kànlá ló gbà, a ti gbàgbé ẹ̀. Oúnjẹ àárọ̀ wà nínú owó, ọ̀sán àti alẹ́ ò sí níbẹ̀. Ọkọ mi tiẹ̀ gbọ́n lójú ara ẹ̀, ó di mọ́ọ̀tì àti omi sínú kúlà wá látilé, sikiọ́rítì gbà á ní gẹ́ètì bí ẹni gba ìbọn lọ́wọ́ adigunjalè.

Ẹ̀ẹ̀kejì, òkun yẹn gan-an. Mo ti ra aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tuntun o. A débẹ̀, àsíá pupa ni wọ́n fi kọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń fọn fèrè, téèyàn bá ti wọ̀ ọ́ kọjá orúnkún, fèrè. Mo bínú débi pé mo fẹ́ gba owó mi.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí náà. Lọ́jọ́ kejì a jí ní nǹkan bí aago márùn-ún, a gbé àga síta, kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀ kankan létí wa, ìgbì nìkan là ń gbọ́. Bàbá tó jẹ́ pé "oúnjẹ dà" ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó máa ń bá mi sọ láàárọ̀, ó jókòó tì mí títí di aago mẹ́jọ, ó ń sọ̀rọ̀ ìgbà tó wà ní kékeré fún mi, àwọn nǹkan tí mi ò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ẹ̀. Mi ò kábàámọ̀ owó yẹn. Mi ò sì ní san án lẹ́ẹ̀kejì láìbéèrè nǹkan kan.

AlagbaAjah

Owó yẹn pọ̀ jù jàre. Àbúrò, gbé ìyàwó ẹ lọ láàárọ̀, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló máa gba kẹ́ ẹ san owó ìwọlé ọ̀sán nìkan, àwọn míì á tún yọ ọ́ nínú owó oúnjẹ tẹ́ ẹ bá jẹ. Ẹ jókòó, ẹ ya fọ́tò yín, ẹ jẹ ẹja yín, tílẹ̀ bá ti ń ṣú ẹ wá sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Ajah níbí. Nínú òkùnkùn ta ló ń rí òkun?

IyaEniola

Bàbá, ẹ kú àmọ̀ràn o, ṣùgbọ́n àárọ̀ kùtùkùtù ni mò ń sọ. Ẹni tó sun Ajah á bá sún kẹrẹ fà kẹrẹ wọ̀yá ìjà kó tó dé ibi tó ti fẹ́ wo oòrùn.

OmoFurontiDesiki

Ọ̀gá Akin, mo ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà ní rìsẹ́pṣọ̀n hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí díẹ̀. Ohun táwọn èèyàn rò ni pé òkun làwọn ń sanwó ẹ̀. Rárá o. Òkun ò ní gẹ́ètì, ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run fi dá a. Dísù, epo jẹnẹrétọ̀, lẹ̀ ń sanwó ẹ̀. Tọ̀sán tòru ni jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ torí iná NEPA lápá ibẹ̀ yẹn, ẹ̀yin náà mọ̀. Atẹ́gùn oníyọ̀ ń jẹ gbogbo nǹkan, AC tó máa lo ọdún méje nílùú á ti dógùn-ún láàárín ọdún méjì, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, ìkọ́ kọ́tìnì, gbogbo ẹ̀. Omi kànga ẹ̀rọ wọn tún máa ń níyọ̀, àfi kí wọ́n sẹ́ ẹ kó tó ṣeé wẹ̀. Torí náà tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tí iná ń lọ tó ń bọ̀, tí omi balùwẹ̀ sì ń ta yín lójú, wọ́n ti jẹ yín lówó nìyẹn, kódà kí igi àgbọn ibẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún.

Ohun kejì, ẹ má lọ ní Friday! Ẹ dákun. Friday àti Saturday ni wọ́n ń fi ibẹ̀ ṣe ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí, pátì iléeṣẹ́, díjè á máa lu orin títí di aago méjì òru, ẹ ò ní gbọ́ ìgbì kankan, ọjọ́ yẹn náà sì lowó yàrá ga jù. Láti Sunday sí Thursday, yàrá pọ̀ tí kò séèyàn nínú ẹ̀, máníjà ń wá ẹni tó máa sùn síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ dáadáa á dín in fún yín. Ẹ pè wọ́n tààrà o. Àwọn ìkànnì tẹ́ ẹ ti ń búùkù yàrá yẹn, nǹkan bíi 15 náírà ni wọ́n máa ń yọ nínú 100 náírà tẹ́ ẹ bá san, hòtẹ́ẹ̀lì á fẹ́ fún yín ní díẹ̀ níbẹ̀ ju kó fún wọn lọ. Tẹ́ ẹ bá sì ní ọdún mẹ́wàá ìgbéyàwó lẹ fẹ́ ṣe, a máa ń to òdòdó sórí bẹ́ẹ̀dì, nígbà míì a máa ń gbé yàrá yín sókè sí èyí tó dáa jù láìgba kọ́bọ̀, torí ó ṣófo bẹ́ẹ̀ náà ni. Àmọ́ ẹni tí kò bá sọ, ta ló máa mọ̀?

Ọ̀rọ̀ "sea view" náà, ìyẹn yàrá téèyàn ti lè rí òkun, mo ti gbé kọ́sítọ́mà wọ yàrá "sea view" rí tó jẹ́ pé àfi kó gun orí àga ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kó tó rí omi. Kọ́sítọ́mà yẹn bú mi, mi ò bínú sí i. Ẹ béèrè pé kí ló wà láàárín wíńdò àti òkun. Ẹ ní kí wọ́n fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́, kì í ṣe fọ́tò, torí kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ya fọ́tò yẹn máa ń sọ yàrá kékeré di pápá bọ́ọ̀lù. Kẹ́ ẹ tún wo fọ́tò táwọn kọ́sítọ́mà fúnra wọn gbé sórí Google, èyí tó bá jẹ́ tuntun.

AkinIbadan

Ha! Ẹ ṣeun gan-an, mi ò mọ ìdajì nínú gbogbo èyí. Ìbéèrè kan ló kù. Ìyàwó mi á fẹ́ wọ omi, mo mọ̀ ọ́n, kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Ṣé kò sí ibi téèyàn ti lè wọ òkun ní Èkó láìsí fèrè?

OmoEtiOkun

Ẹ̀gbọ́n, etí omi ni wọ́n bí mi sí, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Òkun tó wà láti Victoria Island lọ títí dé Ẹlẹ́kọ àti kọjá ẹ̀, kò sóhun tó dí i lójú, bó ṣe ń bọ̀ látọ̀nà jíjìn ló ṣe ń kọ lu ilẹ̀, omi tó bá sì padà sẹ́yìn máa ń fa èèyàn lẹ́sẹ̀ lọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ pàápàá ń bómi lọ níbẹ̀. Ẹ rántí August 2012 tí ìgbì gbé àwọn èèyàn lọ létí òkun Kuramo ní Victoria Island. Ẹni tó ń fọn fèrè fún àǹtí wa yẹn, ó ṣe é lóore ni.

Ibi tí omi ti rọ̀ ni Tarkwa Bay. Òkúta táwọn òyìnbó tò wọ inú òkun lẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó ló ṣíji bo ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń lọ, kẹ́ ẹ rí i pé ẹ̀yin méjèèjì wọ ẹ̀wù ìléfòó o. Kì í ṣe ibi afẹ́, àwọn tó ń fi àga háyà àti àwọn tó ń ta búrẹdì pẹ̀lú ẹyin lẹ máa bá níbẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn lè wọ omi dé àyà. Ẹ lè lò ó fún ọ̀sán ọjọ́ kan.

Òkúta kan náà yẹn ló ba ìhà kejì jẹ́ ṣá. Iyanrìn tí omi máa ń gbé láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn ò ráyè kọjá mọ́, bí òkun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach ní Victoria Island nìyẹn, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ ẹ́ kí wọ́n tó wá kó iyanrìn dà á láti fi ṣe ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic. Kí nìdí tí mo fi ń sọ èyí? Torí pé etí òkun ń rìn. Hòtẹ́ẹ̀lì tó ní iyanrìn gbalasa nínú fọ́tò ọdún mẹ́rin sẹ́yìn lè jẹ́ pé òkúta àti àpò iyanrìn ló kù níwájú ẹ̀ báyìí. Títì etí òkun tí ìjọba ń ṣe láti Èkó sí Calabar tún ń bẹ ńlẹ̀, 700 km, abala àkọ́kọ́ ẹ̀ láti Ahmadu Bello Way dé apá Ẹlẹ́kọ yẹn gan-an ni. Ẹ ò rí Landmark Beach lọ́dún 2024? Ibi táwọn èèyàn ti ń jókòó mutí, katakata wọ ibẹ̀. Kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ hòtẹ́ẹ̀lì yín pé ṣé títì wà láàárín wọn àti omi, àbí ẹ̀yìn wọn ló gbà.

October sì tún ni àrọ̀kúrò o, òjò ò tíì lọ tán. Ẹ béèrè bóyá wọ́n á gbà kẹ́ ẹ sún ọjọ́ síwájú tójò bá fẹ́ bà á jẹ́.

Badagirian

Tẹ́lẹ̀ mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu lórí Èkó, kí wọ́n gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Grand-Popo ní orílẹ̀-èdè Benin, nǹkan bíi 80 km ni sí Cotonou, ibẹ̀ tutù, ó dákẹ́, igi àgbọn títí lọ, ẹja odò Mono ń bẹ. Owó ẹ̀ ò tó nǹkan nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n látìgbà tí náírà ti já ní June 2023, tí sẹ́fà tí wọ́n ń ná níbẹ̀ sì so mọ́ yúrò, téèyàn bá fi náírà ṣírò ẹ̀ báyìí á kàn fọwọ́ borí ni. Òkun ibẹ̀ náà le, àwọn apẹja ibẹ̀ gan-an ń bẹ̀rù ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ lọ fún ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀.

AkinIbadan

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti pè wọ́n o! Ọkùnrin kan ló gbé fóònù, mo kọ gbogbo ìbéèrè yín sínú ìwé, mo ń kà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan bíi pólíìsì. Ó kọ́kọ́ ní "ọ̀gá, ṣé ẹ ti ṣe iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì rí ni?"

Bó ṣe rí nìyí. Tuesday sí Thursday, 280,000 lóru kan, ó ní VAT, owó ìjọba àti service ti wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀ èèyàn méjì, mo ní kó kọ ọ́ ránṣẹ́, ó sì kọ ọ́. 560,000 dípò 857,500 tí Ìyá Ẹniọlá bá mi ṣírò. Ó ṣe fídíò: ó ṣílẹ̀kùn yàrá, ó ń rìn lọ sómi, mo ń ka ìṣísẹ̀ ẹ̀, mọ́kànlélọ́gọ́ta, iyanrìn ni gbogbo ẹ̀, kò sí títì, mo ń gbọ́ ìgbì nínú fóònù. Yàrá tó wà nílà iwájú ò sí mọ́, ìlà kejì ló kù, òrùlé kan wà tó dí òkun díẹ̀ lápá òsì. Mo fara mọ́ ọn. Lórí òjò, ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré làwọn lè bá wa sún un, tá a bá ti sọ ṣáájú ọjọ́ mẹ́ta.

Ojú àbúrò mi ò dáa ṣá, ó ní ẹ̀rọ ìfọṣọ ò bá ti dára jù. Mo ní kó lọ fẹ́yàwó kó tó gbà mí nímọ̀ràn.

Mo ti san ìdajì. Ìyàwó mi bá mi nídìí fóònù lálẹ́ àná, ó ní kí ni mò ń rẹ́rìn-ín sí. Mo ní bọ́ọ̀lù ni.