"Atọ́kùn" kọ́ ni Desi Arnaz, "Babalú" kì í sì í ṣe àṣìpè

Ẹnìkan dábàá pé kí á máa pe olórí ẹgbẹ́ olórin ("bandleader") orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́ ní "atọ́kùn orin", ó sì fi Desi Arnaz, olórin ará Kúbà, ṣe àpẹẹrẹ. Ẹlòmíràn wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn pé "Babalú" tí Arnaz ń kọ lórin, àṣìpè "Ọbalúayé", orúkọ tí a ń pe Ṣọ̀pọ̀nná, ni. N kò gba ọ̀kankan wọlé nínú méjèèjì.

Ìdí eégún ni atọ́kùn ti wá. Òun ló ń mú eégún jáde, tó ń sọ ọ̀nà fún un, àmọ́ kì í wọ ẹ̀kú. Ìyẹn ló fi bá elétò orí rédíò mu: àlejò rẹ̀ la wá gbọ́, kì í ṣe òun. Arnaz ńkọ́? Santiago de Cuba ni wọ́n bí i sí ní 1917, bàbá rẹ̀ ṣe mẹ́yọ̀ níbẹ̀ kí rògbòdìyàn 1933 tó lé wọn dé Miami. Ní Miami ló ti kó àwọn òyìnbó jó kóńgà, ijó ìlù àwọn ará Kúbà: òun níwájú, ìlù gbọọrọ kọ́ ọ lọ́rùn, ọwọ́ lásán ló fi ń lù ú, àwọn ará ibẹ̀ sì di ìbàdí ara wọn mú, wọ́n tò tẹ̀lé e. Ẹni yìí ló wà nínú ẹ̀kú gan-an! Bí a bá fẹ́ fi wé ẹnì kan nílé, oníyàálù ni, tó jẹ́ pé bí ìlù rẹ̀ bá ti yí ohùn padà, omele ti mọ ibi tó ń lọ.

"Olùdarí" dára fún ẹni tó kọ̀yìn sí òǹwòran tó ń ju ọ̀pá. Mo lè gbà á fún Arnaz ti 1946, nígbà tó ń bójú tó orin lórí ètò rédíò Bob Hope, aláwàdà ará Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n láti October 15, 1951, tó di Ricky Ricardo nínú *I Love Lucy*, eré àwàdà orí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀gá eléré ni gbogbo ayé rí. Kámẹ́rà mẹ́ta ló ń ká ohun tó ń ṣe níwájú èrò, òun àti Lucille Ball ìyàwó rẹ̀ ló sì ni iléeṣẹ́ Desilu tó ń gbé e jáde. "Ọ̀gá eléré" yẹn ni mo fara mọ́. Bí ẹ bá dé òde ìnáwó tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ki ìdílé yín, ṣebí ohun tí ẹ ń bèèrè nìyẹn: "Ọ̀gá eléré dà?"

Ó ku Babalú. Margarita Lecuona ló ṣẹ̀dá orin náà, Miguelito Valdés sì ti fi lókìkí kí Arnaz tó gbé e. Baba, olú, ayé: bí a ṣe ń tú Ọbalúayé náà la ṣe ń tú èyí. Ẹ tún fetí sí ohùn rẹ̀: àwọn ará Kúbà ń tẹ "lú" mọ́lẹ̀ gan-an níbi tí ohùn òkè wà lẹ́nu tiwa. Odindi orúkọ náà, Babalú Ayé, ṣì wà lẹ́nu wọn. Ní December 17 ni wọ́n ń wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì El Rincón nítòsí Havana láti bọ ọ́ pọ̀ mọ́ Lásárù Mímọ́. Ta ló sì ń pe Ṣọ̀pọ̀nná lórúkọ nílé? Olóde là ń wí, tàbí Ilẹ̀gbóná, tàbí kí á kúkú wí pé Baba. Ìbẹ̀rù àti ọ̀wọ̀ ló bí "Baba" yẹn, kì í ṣe ahọ́n tó yọ̀.

Bí a bá ní ẹjọ́ bá Arnaz rò, ti ariwo ni. Tí a bá lu páànù lọ́sàn-án gangan nílé wa, ìyá mi àgbà a máa pariwo pé, "Ẹ gbé e sílẹ̀, Olóde ń kọjá!" Arnaz fi orúkọ Olóde lu ìlù kóńgà nínú ilé ijó, nígbà tó sì yá, Ricky sọ ilé ijó tirẹ̀ nínú eré ní Club Babalu.