Adágún tí mi ò dé rí: ohun tí atẹ́gùn kọ́ mi nípa walleye

Láti Brooklyn Park, Minnesota

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin apẹja ẹlẹgbẹ́ mi. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń ka ìrírí yín, mo sì rí i pé ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: kí ni kí èèyàn ṣe nígbà tó bá dé adágún tí kò dé rí, tó ń wá ẹja tí wọ́n ń pè ní walleye, tí kò sì lẹ́ni tó máa mú un lọ síbi tí ẹja wà? Ohun tójú mi rí ní Leech Lake, adágún ńlá kan ní Minnesota, ni màá sọ, torí ibẹ̀ ni ojú mi ti là.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, létí ọ̀sà. Mo ti ń bá wọn wa ọkọ̀ kí n tó mọ̀wé kà. Nígbà tí mo dé Minnesota, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tí mo gbọ́ pé adágún ibẹ̀ lé ní 10,000, inú mi dùn bíi pé mo ti délé. Walleye ni àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹja. Láti ọdún 1965 ni wọ́n ti fi òfin sọ ọ́ di ẹja ìpínlẹ̀ náà. Adágún kékeré tó sún mọ́ ilé wa ni mo ti kọ́kọ́ ń mú un, lọ́kọ̀ọ̀kan, léjìléjì. Mo wá rò pé mo ti gbọ́n.

Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2022, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́. A wakọ̀ lọ sókè ní àríwá, ó tó wákàtí mẹ́ta, a yá ọkọ̀ ojú omi ní tòsí ìlú Walker. Leech Lake tóbi ju ohun tí mo fọkàn rò lọ: ó lé ní 100,000 éékà. Tí ẹ bá dúró létí rẹ̀ níbòmíràn, ẹ ò ní rí òdìkejì. Ní apá Walker, omi náà jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 100 lọ, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú adágún ńlá náà kò jìn púpọ̀.

Ọjọ́ kìíní, oòrùn ràn, omi dákẹ́ rọ́rọ́ bí epo inú àwo. A ní ọjọ́ ẹja nìyí. A sáré lọ síbí, a ju ìwọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún; a sáré lọ sọ́hùn-ún, a tún ju ú. Ibi tí a bá ti rí ọkọ̀ méjì-mẹ́ta tó dúró, a ó lọ dúró síbẹ̀. Epo ọkọ̀ ń jó, ẹja ò jẹ, àfi ẹja tí wọ́n ń pè ní perch, tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọjọ́ kejì, bákan náà ló rí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì yẹn a yà sí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ti ń ta ìjẹ. Màmá kan tí irun rẹ̀ ti funfun ló wà níbẹ̀. A ṣàlàyé ara wa fún un. Kò béèrè irú ìwọ̀ tí a ń lò. Ohun tó kọ́kọ́ bi wá ni pé ibo ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá láti àárọ̀, ibo ló sì máa fẹ́ gbà lọ́la. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi wo ojú ara wa. A ò mọ̀. Ó dùn mí dọ́kàn, torí bàbá mi kì í tú okùn ọkọ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ dúró létí omi kó kọjú sí atẹ́gùn. Mo rí i ṣe lójoojúmọ́ ayé mi, mo sì débi tuntun mo gbàgbé rẹ̀.

Màmá náà na àwòrán adágún sórí tábìlì, ó ní atẹ́gùn gúúsù ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kẹta. Ó fi ìka tọ́ etí omi ní apá àríwá, níbi tí ṣóńṣó ilẹ̀ kan ti yọ wọ inú omi, tí àpáta wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀, tí omi ti kúrò ní ẹsẹ̀ bàtà 7 tó ń já lọ sí 12, lẹ́yìn náà sí ibú. Ó ní kí a má kúrò níbẹ̀ títí ọ̀sán. Eṣúṣú ni a ti ń lò bí ìjẹ. Ó ní omi ṣì tutù, kí a fi eṣúṣú sílẹ̀ di oṣù kẹfà, kí a lo ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní shiner. (Orúkọ tí àwọn Ojibwe, tí wọ́n ni ilẹ̀ yẹn, ń pe adágún náà, ohun tó túmọ̀ sí ni adágún tí eṣúṣú pọ̀ sí. Walleye fúnra rẹ̀, ogaa ni wọ́n ń pè é.)

Ìdí tí atẹ́gùn fi ṣe pàtàkì rèé, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí díẹ̀. Inú ẹyinjú walleye, lápá ẹ̀yìn, nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, bíi ti ojú ológbò lóru. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó ríran nínú ìmọ́lẹ̀ bàìbàì àti nínú omi tó rú, níbi tí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tó ń jẹ kò ti ríran tó o. Nígbà tí oòrùn bá mú tí omi sì dákẹ́, á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibú, tàbí kó sá pamọ́ sábẹ́ koríko inú omi. Ìdí nìyẹn tó fi ń jẹun ní ìdájí, ní ìrọ̀lẹ́ àti lóru. Ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn bá dé, ìgbì á fọ́ ìmọ́lẹ̀ oòrùn lójú omi, etí bèbè tí ìgbì ń gbá á rú, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ á dàrú níbẹ̀, walleye á sì gòkè wá jẹun ní ọ̀sán gangan. Ọjọ́ kìíní tí a pè ní ọjọ́ ẹja yẹn, ọjọ́ tó burú jù fún walleye ni.

Ọjọ́ kẹta, a ti wà níbẹ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ wá láti gúúsù lóòótọ́, ìgbì sì ń fọ́ sára àpáta. A so shiner mọ́ jig, ìwọ̀ tó ní ìwúwo lórí, tó wúwo tó ìdá kan nínú mẹ́rin àwúǹsì, a pa ẹ́ńjìnnì, a jẹ́ kí atẹ́gùn máa gbé wa lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bèbè náà. Mo ń gbé jig sókè díẹ̀, mo ń jẹ́ kó kan ilẹ̀. Walleye kì í já ìwọ̀ gbà bí olè. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fi ìka kan kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan péré: tọ́ọ́. Lẹ́yìn náà okùn á wúwo, bíi pé ìwọ̀ há mọ́ aṣọ tó rẹ sínú omi. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé koríko ni. Mo dẹ okùn fún un díẹ̀, mo fà á.

Nígbà tó yọ, ara rẹ̀ pọ́n bíi wúrà, ikùn rẹ̀ funfun, ìsàlẹ̀ ìrù rẹ̀ sì ní àmì funfun kan bí ẹni fi ẹfun tọ́ ọ. Ojú ńlá náà ń wò mí, ó rí bí gíláàsì tí èéfín wà nínú rẹ̀. Íǹṣì 17. Ẹ ṣọ́ra fún ọwọ́ yín o: eyín rẹ̀ mú, ẹ̀gún wà ní lẹbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ sì lè gé èèyàn bí abẹ. Mẹ́sàn-án ni a mú kó tó di aago mọ́kànlá. Lọ́dún yẹn, mẹ́rin ni òfin adágún náà gbà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ló sì lè gùn ju íǹṣì 20 lọ. Mẹ́fà ni a gbé lọ sílé, a dá àwọn tó kù padà sómi. Òfin adágún kan yàtọ̀ sí ti èkejì, ó sì ń yí padà. Ẹ ka ti ọdún tí ẹ ń lọ kí ẹ tó kúrò nílé.

Láti ìgbà náà, bí mo ṣe ń ṣe nìyí. Kí n tó lọ, mo máa ń ṣí LakeFinder, ojúlé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti DNR, ẹ̀ka ìjọba Minnesota tó ń bójú tó omi àti igbó. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó rí àwòrán bí omi ṣe jìn, iye ẹja tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n da àwọ̀n sínú rẹ̀, àti ìgbà tí wọ́n kó ọmọ ẹja sí i. Mo máa ń yan apá kékeré kan, ibi tí mo lè fi wákàtí méjì yẹ̀ wò tán, mo sì máa ń gbàgbé ìyókù. Nínú apá yẹn, mo ń wá ṣóńṣó ilẹ̀, òkìtì àpáta lábẹ́ omi, etí koríko tó bá ibú pàdé. Tí mo bá ti mọ ìwọ̀nyẹn, èyí tí atẹ́gùn ń fẹ́ lù ni mo ń lọ.

Ẹ̀rù atẹ́gùn kan náà yẹ kó bà yín. Ìgbì adágún ńlá lè dé lójijì. Kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù ìléfòó, kì í ṣe pé kó wà lábẹ́ àga. Tí ìgbì bá ti ń ta sínú ọkọ̀, ẹ fi ẹja sílẹ̀ kí ẹ máa bọ̀. Nígbà tí ẹ bá sì jáde, ẹ yọ ohun tí wọ́n fi dí ihò ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ẹ da omi inú rẹ̀ àti omi inú báàkẹ́ẹ̀tì ìjẹ nù pátá. Òfin ni ní Minnesota, torí àwọn ẹran omi wẹ́wẹ́ oníkarawun méjì tí wọ́n ń pè ní zebra mussel. Ibi tí wọ́n bá wọ̀, omi ibẹ̀ á mọ́ kedere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, walleye á sì túbọ̀ máa sá fún ọ̀sán.

Láti Toledo, Ohio

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀kọ́ tiyín wúlò, ṣùgbọ́n ní Lake Erie ibí, ohun mìíràn ló kọ́kọ́ tú mi láṣìírí. Oṣù keje ni, èmi àti ọkọ mi wà lójú omi ní ìwọ̀ oòrùn adágún náà, tòsí Port Clinton. Omi ibẹ̀ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 30. Gbogbo ohun tí mo ti kà ló sọ pé ìsàlẹ̀ ni walleye ń gbé, mo wá ń wọ́ ìwọ̀ nílẹ̀ láti àárọ̀. Nǹkan kan ò ṣe é. Ọkọ mi ló tọ́ka sí ẹ̀rọ tó ń wo abẹ́ omi, ó ní kí n wo àwọn ìlà tó tẹ̀ bí ọrun ní agbedeméjì, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 15. Mo ní ẹja mìíràn nìyẹn. Ó bẹ̀ mí kí n gbé e sókè wò. A gbé ìjẹ sókè sí ẹsẹ̀ bàtà 12, ìṣẹ́jú márùn-ún ò pé, ọ̀pá tẹ̀.

Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí walleye ń jẹ ló wà lágbedeméjì, walleye sì tẹ̀ lé wọn lọ síbẹ̀. Kí ìjẹ yín wà lókè orí wọn, ẹ má ṣe jẹ́ kó wà nísàlẹ̀, torí òkè ni walleye ń wò nígbà tó bá ń wá oúnjẹ. Ìjẹ tó bá kọjá lábẹ́ rẹ̀, bíi pé kò sí níbẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n, mo ní ìbéèrè kan: àbúrò mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, kò sí ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ó lè rí nǹkan mú?

Láti Winnipeg, Kánádà

Ẹ kú àjọṣe o. Níbí, pickerel ni wọ́n ń pe ẹja kan náà, kí ẹ má baà ṣìnà tí ẹ bá béèrè ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi, orí yìnyín ni mo ti kọ́ ọ, ní Lake Winnipeg. Lọ́dún àkọ́kọ́ mo gbẹ́ ihò kan, mo jókòó tì í wákàtí mẹ́fà, òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Bàbá kan tó wà nítòsí gbẹ́ ihò tó lé ní mẹ́wàá, ó ń ti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, títí ó fi rí ibi tí wọ́n ń gbà kọjá. Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ń lọ wọ̀, ni gbogbo wọn dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, yìnyín tó mọ́ kedere gbọ́dọ̀ nípọn tó íǹṣì 4 ó kéré tán kí ẹ tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa fi irin gún un wò bí ẹ ti ń lọ.

Láti Brooklyn Park, Minnesota

Àbúrò mi ní Toledo, ó lè rí i mú dáadáa. Kó lọ síbi tí odò ti ń ṣàn wọ adágún, tàbí lábẹ́ afárá níbi tí adágún méjì ti so pọ̀, pàápàá nínú oṣù karùn-ún àti nígbà tí òtútù bá ń padà bọ̀. Kó débẹ̀ lọ́sàn-án kó wo ibi tí àpáta wà àti ibi tí ẹsẹ̀ lè yọ̀, kó sì padà lọ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Kó má sọ̀rọ̀ sókè, kó má tan iná sójú omi. Lóru ni wọ́n máa ń wá sítòsí débi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé, mo ṣèèṣì tan tọ́ọ̀ṣì sí etí omi, mo rí ojú mẹ́fà tó ń tàn bí ẹyin iná, kò ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ sọ́dọ̀ mi. Mo pa tọ́ọ̀ṣì náà kíá, mo tún jókòó.